Èjìká Àwẹ̀ró ní Iwájú Adájọ́

Èjìká ọ̀tún ni ìyọnu Àwẹ̀ró, onídìrí ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, apá náà ti ń ro ó. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́ta, kò lè gbé e dé etí ara rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a wé gèlè. Dókítà egungun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oògùn náà kò ní àbùkù. Wọ́n gún un sókè jù ni, abẹ́rẹ́ wọ oríkèé èjìká.

Ògúngbèmí birìkìlà gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan náà, ohun kan náà sì ṣe é. Àwọn méjèèjì gba lọ́yà, wọ́n pe ilé ìwòsàn náà lẹ́jọ́ pé kí ó san owó gbà-má-bínú. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ ń sún mọ́lé, ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n jọ tọ Ìyá Ẹfúnkẹ́mi lọ, arúgbó tó ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò.

Ìyá náà wo ẹyọ títí. Ó ní, "Ẹjọ́ yín dára, ẹbọ ló kù. Ẹ fi ẹyẹlé méjì-méjì rúbọ. Ẹ din àkàrà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà. Èyí tó le jù níbẹ̀ nìyí: ohun tó ṣe yín gan-an ni kí ẹ sọ níwájú adájọ́, ẹ má ṣe fi nǹkan kan lé e."

Ògúngbèmí ní, "Ìyá, ẹni tó ba apá mi jẹ́ ni kí n din àkàrà fún?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ, ọmọ mi."

Ògúngbèmí dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò rọrùn fún Àwẹ̀ró náà. Bó bá rí nọ́ọ̀sì ọ̀hún lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Síbẹ̀ ó rúbọ. Ọwọ́ òsì ló fi po ẹ̀wà, ó sì gbé abọ́ àkàrà lọ.

Nọ́ọ̀sì náà gbà á, kò lè jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi, mà?"

"Wọ́n ní kí n gbé e wá ni."

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orí ìdúró ni mo ti gún yín, n kò ní kí ẹ bọ́ apá aṣọ yín. Mo mọ̀ pé ó ga jù. Bí wọ́n bá bi mí ní kóòtù, n óò sọ ọ́."

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ògúngbèmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rò pé èjìká nìkan kò tó láti mú adájọ́ káàánú òun, ló bá ní abẹ́rẹ́ náà ti pa ẹsẹ̀ òun méjèèjì. Lọ́yà ilé ìwòsàn mú fọ́tò jáde: Ògúngbèmí rèé lórí àkàsọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń tọ́ka iṣẹ́ fún àwọn tó ń mọlé. Adájọ́ da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Èjìká tó dùn ún lóòótọ́ bá irọ́ náà lọ.

Ó kan Àwẹ̀ró. Lọ́yà ilé ìwòsàn bi í bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní rárá.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé àjẹsára kò dára?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbà á, ara wọn le. Ibi tí wọ́n gún mi sí ni mo torí rẹ̀ wá."

Nọ́ọ̀sì jẹ́rìí bó ṣe ṣèlérí. Adájọ́ dá Àwẹ̀ró láre, ó ní kí ilé ìwòsàn san owó gbà-má-bínú fún un, kí ó sì gbọ́ bùkátà ìtọ́jú rẹ̀ títí dé òpin.

Apá náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà rẹ̀ padà, ó ń yin ìyá tó ṣàyẹ̀wò fún un, ìyá ń yin òrìṣà tó gbẹnu ẹyọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n yan ẹbọ fún tó rú u, ayé rẹ̀ dára. Ògúngbèmí fi ẹbọ ṣẹ̀sín. Ìgbà tí ẹjọ́ ti tán ló gbé ẹyẹlé méjì dé ẹnu ọ̀nà arúgbó, tó dúró síbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì ra èjìká, tí kò mọ ohun tí yóò ní kí wọ́n bá òun bèèrè mọ́.