Ọpọ́n Ayò Àkókó àti Ẹnu Ẹ̀gà

Nígbà láéláé, kí ẹyẹ kankan tó mọ̀ pé òun lè sùn sínú igi, inú ìtẹ́ koríko ni Àkókó ń gbé bí àwọn yòókù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Òun ló ń gbẹ́ ọpọ́n ayò fún gbogbo ẹyẹ igbó.

Ọpọ́n tó kọ́kọ́ gbẹ́ ní ihò mẹ́fà. Nígbà tó yá, ó gbẹ́ oníhò mẹ́jọ, ó tún gbẹ́ oníhò mẹ́wàá, kí ayò lè máa le sí i, kó sì máa dùn sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gà wà lórí ọ̀pẹ. Àwọn yìí fẹ́ràn ayò ju oúnjẹ lọ, tàbí kí n kúkú sọ pé ọ̀rọ̀ ayò ni wọ́n fẹ́ràn. Bí Àkókó bá ti gbé ọpọ́n tuntun jáde báyìí, ariwo ti ta.

"Àkókó ti ba ayò jẹ́," ni Bàbá Ẹ̀gà, àgbà inú wọn, máa ń wí. "Oníhò mẹ́fà ni ayò. Ìyókù, ìranù ni."

"Bàbá, ẹ má bínú o, ti ọmọdé nìyẹn," ni Ajíbọ́lá, ọ̀dọ́ ẹ̀gà kan, á fèsì. "Oníhò mẹ́jọ lọ̀gá wọn. Oníhò mẹ́wàá ló bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn ará mẹ́fà kì í bá àwọn ará mẹ́jọ mu omi lójú odò kan náà.

Ó ń dun Àkókó. Bí wọ́n bá ti bú ọpọ́n kan, á sáré lọ gbẹ́ òmíràn. Àdùfẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá bá a lọ́jọ́ kan.

"Olówó orí mi, mo ti fẹ́ yé ẹyin, ìtẹ́ wa sì ti ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó dé."

"Jẹ́ kí n fi oníhò méjìlá yìí tẹ́ wọn lọ́rùn ná," ni Àkókó dáhùn.

Òjò dé kó tó gbẹ́ ẹ tán. Ìtẹ́ já, ẹyin méjì tí Àdùfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé bọ́ sílẹ̀, wọ́n fọ́. Àdùfẹ́ ò bú ọkọ rẹ̀. Ó kàn ń wo ilẹ̀, ìyẹn sì dun Àkókó ju èébú lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àkókó wá ọpọ́n oníhò mẹ́fà àtijọ́ jáde. Ó fọ̀ ọ́, ó fi epo pa á, ó gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ.

"Tuntun rèé o," ló wí.

Bàbá Ẹ̀gà na ọrùn wò ó. "Háà, èyí ló tún wá burú jù."

"Ihò mélòó ló ní, Bàbá?"

Bàbá Ẹ̀gà kà á. "Mẹ́fà ni, àmọ́ kì í ṣe irú mẹ́fà tiwa."

"Òun gan-an ni, Bàbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká ta á."

Ẹnì kan ò sọ̀ kalẹ̀. Àṣé ìkankan nínú wọn ò ta ayò rí; bàbá tó bí Bàbá Ẹ̀gà ló ta á, Bàbá Ẹ̀gà fúnra rẹ̀ kàn gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni.

"Ta ló ráyè ta ayò," ni Ajíbọ́lá wí, "nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán?"

Àkókó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Nítorí ẹnu àwọn tí kò fọwọ́ kan ọmọ ayò rí ló ṣe pàdánù ọmọ tirẹ̀.

Ó fò lọ síbi igi ńlá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò kan ṣoṣo, ihò tó jìn, fún Àdùfẹ́.

"Ẹ wá wo ọpọ́n oníhò kan," ni àwọn ẹ̀gà ń pariwo. "Ó ti bà á jẹ́ pátápátá."

Bí wọ́n ti ń pariwo ni Àkókó ń gbẹ́ ẹ kíkankíkan, títí kò fi gbọ́ wọn mọ́. Àdùfẹ́ wọlé, ó yé ẹyin mẹ́ta. Òjò rọ̀, kò kàn wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni àkókó ti ń gbé inú ihò igi, tó sì ń fi ẹnu gbẹ́ igi gbọ̀ngbọ̀n kó má baà gbọ́ ohùn ẹ̀gà. Àwọn ẹ̀gà ní tiwọn ṣì wà lórí ọ̀pẹ, wọ́n ń jiyàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Títí di bí mo ti ń wí yìí, ìkankan nínú wọn ò mọ ayò ta.