Afọnná Tó Jókòó: Bí A Ṣe Tẹ Fọnnádúró Dó

Ẹ̀yin ọmọ Fọnnádúró, ẹ̀yin tí a bí sí etí odò Àfín, ẹ fara balẹ̀. Ilé tí ẹ ń gbé yìí, ẹkún ni wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ nípa ẹkún náà kò lè mọ ìdí tí ìlú wa kì í fi í fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan.

Ọdẹ́dùntán ni ó tẹ ìlú yìí dó, Ọdẹ́dùntán a-rìn-níjù-bí-ẹni-rìn-lọ́ọ̀dẹ̀, ọkọ Ìbídùn. Ọdẹ ni ní Ìdóòṣè, kò sì sí ẹranko tí apá rẹ̀ kò ká. Nígbà tí àìsàn dá Ìbídùn wólẹ̀, inú igbó ni ọkọ rẹ̀ wà, ó ń tọ ipasẹ̀ erin. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní erin náà ti sún mọ́, pé bí òun bá ti pa á tán, òun yóò dé. Ó pa erin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó ru eyín rẹ̀ wọ ìlú, wọ́n ti sin Ìbídùn.

Ọ̀ṣúngbèmí, ìyá olóògbé, wá láti abúlé rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nílé àna rẹ̀, ó ní kí àwọn jọ sunkún ọmọ òun. Ọdẹ́dùntán kò lè wo ojú rẹ̀, nítorí ojú Ìbídùn gan-an ni. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ìyá yìí yóò bi òun léèrè ọ̀rọ̀ erin.

Ó ní, “Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Kò sí ohun tí ẹ lè bá mi ṣe níbí.”

Ìyá náà kò bú u. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì bá ọ̀nà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́dùntán ṣe lé ará àti ọ̀rẹ́, títí koríko fi hù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ilé náà sú u, ó gbé apó àti ọrun, ó fi Ìdóòṣè sílẹ̀.

Ó dé orí òkè kan tí arúgbó obìnrin kan ti ń bọ àpáta. Arúgbó náà da omi tútù sórí òkúta, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó wá ní, “Ọdẹ, máa lọ. Ibi tí ẹni tó wá fọnná bá ti jókòó tì ọ́, ibẹ̀ ni ilé rẹ.”

Ọdẹ́dùntán rẹ́rìn-ín kíkorò. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó wá fọnná kì í jókòó? Bí ó bá jókòó, ẹ̀yín iná á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbà pé àpáta ń sọ fún òun pé òun kò ní nílé mọ́ láyé, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun.

Ìgbà òjò ká a mọ́ etí odò Àfín. Ó pa àgọ́ síbẹ̀, iná nìkan ni ẹnìkejì rẹ̀. Ní òdìkejì odò ni Ẹ̀fúnwùmí amọ̀kòkò àti àwọn èèyàn díẹ̀ tí ogun lé kúrò nílé fara pamọ́ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti pa iná wọn, Ẹ̀fúnwùmí sì mú apáàdì, ó sọdá wá fọnná.

Ọdẹ́dùntán kò kí i tayọ̀tayọ̀, ó kàn na ọwọ́ sí ààrò. Obìnrin náà kó ẹ̀yín iná. Bí ó ti fẹ́ dìde, ó rí àwo méjì nílẹ̀. Ọ̀kan ti tán. Oúnjẹ kún èkejì, èèrà ti bò ó. Ẹ̀fúnwùmí wo àwo náà títí, ó sì jókòó.

Nígbà tó ṣe, Ọdẹ́dùntán ní, “Ìyá, iná yín ń kú lọ.”

Ó dáhùn pé, “Jẹ́ kó kú. Èmi náà ti bu oúnjẹ báyìí rí. Ọmọ mi ọkùnrin tó kú ni mo ń bù ú fún.”

Nígbà náà ni ọdẹ la ẹnu rẹ̀. Ó sọ ti Ìbídùn, ó sọ ti erin, ó sunkún tí kò sun nílé. Ẹ̀fúnwùmí kò sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ó gbé àwo kejì, ó da oúnjẹ inú rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé. Àwọn èèyàn rẹ̀ tí ń retí iná wá a wá, wọ́n bá wọn níbẹ̀, àwọn náà sì jókòó. Wọn kò padà mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, òun ni a ṣe ń pè é ní Fọnnádúró.

Ṣùgbọ́n bí ara Ọdẹ́dùntán ti ń balẹ̀, Ẹ̀fúnwùmí bi í pé, “Ìyá Ìbídùn ńkọ́? Ta ló jókòó ti òun?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ọfà. Kò tí ì rò ó rí pé ẹnìkan tún wà tí Ìbídùn kú mọ́ lọ́wọ́. Ó gbéra lójú ẹsẹ̀ lọ sí abúlé Ọ̀ṣúngbèmí. Ilé ìyá náà ti ń wó nígbà tó débẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ọyẹ́ tó kọjá ni ó kú, àti pé títí ó fi kú ni ó ń tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tí ó ń wí pé bí ìbànújẹ́ bá yọ̀ǹda àna òun, yóò wá. Ọdẹ́dùntán dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ibojì. Kò mú ẹbọ wá, kò ké. Ó kàn ní, “Ìyá, mo pẹ́.”

Títí di òní, bí ikú bá wọ ilé kan ní Fọnnádúró, wọn á pa iná ààrò ilé náà, aládùúgbò á sì gbé ẹ̀yín iná wá nínú apáàdì, á jókòó. Bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá lé e, ẹnu ọ̀nà ni yóò sún dé, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ọba wa, Olúàfín, kì í sì í ránṣẹ́ sí ìyá olóògbé, tàbí ẹni tó bá dúró nípò ìyá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi lọ. Bí ó tilẹ̀ dé nígbà tí wọn kò tí ì tẹ́ òkú, yóò ṣí fìlà, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì wí pé, “Ìyá, mo pẹ́.”

Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kò pẹ́.