Aró Létí Iná Adágún

Ọ̀gá Fọlárìn, agbaṣẹ́ṣe tó gba Ṣẹ̀gilọlá síṣẹ́, purọ́ mọ́ ọn, ó sì mú ọlọ́pàá wá. Ó ní gọ́ọ̀mù tí obìnrin náà fi dí etí páìpù ara ògiri adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń jò, pé kó fi ojú ibẹ̀ han ọlọ́pàá láì gbọ́n omi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, àtìmọ́lé yá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń ró lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣẹ̀gilọlá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi kí ó lè dúró jẹ́ẹ́, ó bu aró aláró sínú ike, ó gbé e fún Ọ̀gá: “Ẹ fọwọ́ ara yín kán an sí etí gbogbo ohun tó wà lára ògiri, sà, kẹ́ ẹ má baà ní mo ṣe màgòmágó. Ibi tó ń jò á fa aró mu.” Ọ̀gá kán an sí etí gbogbo páìpù, aró ò mira. Ó fo iná abẹ́ omi tó wà lára ògiri, ó ní ó parí. “Ó ku ọ̀kan,” ni Ṣẹ̀gilọlá wí, ó nawọ́ sí iná náà. Ọ̀gá kán aró síbẹ̀. Aró fà tínrín bí òwú, ó wọ ẹ̀yìn iná lọ. “Ọwọ́ ara yín lẹ fi de iná yìí, Ọ̀gá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fò ó? Ọlọ́pàá ń gbọ́ o, ẹ dá mi lóhùn!”