Tẹlifíṣàn Tó Bá Yàrá Mu

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àgúnbíadé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkìrun, fẹ́ ra tẹlifíṣàn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè wo Ìbídùn ọmọ wọn níbi tó ti máa gboyè nọ́ọ̀sì lókè òkun. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló wù ú.

Ìyàwó rẹ̀ ti fi okùn wọn yàrá wọn wá. Ó na okùn náà níwájú tẹlifíṣàn ńlá, ó gbé àga síbi tí okùn parí sí.

“Bàbá Ìbídùn, ibi tí ẹ ó máa jókòó sí rèé.”

Ọkọ jókòó, ó ń yí ọrùn kiri, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn ń mú kí omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Jẹ́ ká ra èyí tó mọ níwọ̀n yẹn,” ló sọ.

Owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ra dátà. Nígbà tí Ìbídùn gun pèpéle, wọ́n rí i látorí dé ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un.