Ka Yàrá Kí O Tó Kanlẹ̀kùn

"Ka yàrá kí o tó kanlẹ̀kùn, ilé onílé náà a máa dáni lóhùn." Ẹnu àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà la ti ń gbọ́ òwe yìí. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ àyálégbé ni. Àyálégbé kọ́ o. Bàbá arúgbó kan ní Ìgbájọ ló dá a sílẹ̀.

Láníyọnu lorúkọ bàbá náà. Àsàbí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ku ohùn márùn-ún tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù kó tó lọ. Ṣijúadé ọmọ wọn, tó ń fi ètò kíkọ ṣiṣẹ́ jẹun, to ohùn náà sí yàrá-yàrá nínú fóònù, kí bàbá lè máa tẹ bọ́tìnì kan láràárọ̀, kó sì máa gbọ́ ohùn kan ní títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfo ni ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ònkà: nọ́ńbà yàrá àkọ́kọ́ ni òfo, ti ìkarùn-ún sì ni ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n Ṣijúadé, ọmọ Yorùbá tó ń ka òní mọ́ ọjọ́, ní kí ẹ̀rọ lọ títí dé àrún, tó jẹ́ yàrá kẹfà. Kò fi ẹ̀ṣọ́ kankan sẹ́nu ọ̀nà tí yóò dá ẹ̀rọ dúró bí yàrá bá tán.

Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, ohùn karùn-ún parí, àárò Àsàbí sì gba bàbá lọ́kàn.

"Àsàbí, fi ọ̀kan lé e fún mi," ló wí, ó tún tẹ bọ́tìnì.

Fóònù kò kọ̀. Ó wọ yàrá tó kàn, níbi tí ohùn kan wà tí obìnrin oníṣòwò kan ṣèèṣì fi ránṣẹ́: "Mo ti dé gáréèjì o. Ẹ wá bá mi gbẹ́rù."

Bàbá wọ agbádá, ó dé fìlà, ó jáde. Ọ̀sán gangan ni Ṣijúadé bá a ní gáréèjì, tó ń yọjú wo inú gbogbo ọkọ̀ tó bá dé.

"Bàámi, ẹ ṣáà mọ̀ pé Màámi ti lọ."

"Mo mọ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́, mo mọ ìyẹn náà." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ní kí n wá gbẹ́rù. Bó bá jẹ́ òun ńkọ́?"

Ṣijúadé sunkún. Nígbà tí wọ́n délé, ó tún ètò náà kọ: kí ẹ̀rọ tó ṣí yàrá kankan, kó kọ́kọ́ wo iye tó wà, bí nọ́ńbà bá kọjá ti ìkẹyìn, kó sọ pé kò sí. Ohùn ara rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbọ́ márààrún, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹfà.

"Ó tán, Bàámi."

Ó gbé fóònù lé itan. "Ṣijúadé, ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n kí ilé mi sọ fún mi pé kò séèyàn, ó sàn ju kí ilé ẹlòmíràn máa jẹ́ mi."

Gbólóhùn yìí ni Ṣijúadé gbé dé ibi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ nawọ́ sí yàrá tí kò kà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní: ka yàrá kí o tó kanlẹ̀kùn, ilé onílé náà a máa dáni lóhùn.