Àlàó Àtíòro àti Àwọn Ọmọ Inú Ihò Ìrókò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ rọra dáhùn, etí mi ò tíì di. Ó rẹ̀ mí lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ mẹ́jọ ni mo pọ̀n nínú agboolé yìí, n ò sì bí ọ̀kan níbẹ̀. Àlọ́ mi náà ò lágbára àtifò jìnnà. Ó rọra bà lé Àlàó lórí, àbúrò Àtíòro, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn.

Ṣé ẹ mọ bí Àtíòro ṣe ń bímọ? Ìyàwó á wọ inú ihò igi, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ọ̀nà pa, wọ́n á fi àlàfo tóóró sílẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ lè yọ. Ibẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni yóò pa wọ́n sí. Oúnjẹ tí ọkọ ń gbé wá kì í tó. Àbúrò ọkọ tí ò tíì níyàwó, tàbí ọmọkùnrin tí wọ́n ti bọ́ dàgbà, á máa bá a gbé e.

Ọdún mẹ́ta ni Àlàó ti ń gbé e. Òjò ń pa á, àṣá ń lé e. Àwọn tó kọ́kọ́ bọ́, obìnrin ni wọ́n, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Òun alára ò níyàwó, torí kò ní ihò. Ihò kan ṣoṣo ló wà nínú igbó náà, lára ìrókò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá gbé ọ̀pọ̀tọ́ dé, á kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyàwó ilé, yọ ẹnu síta o —
Tìòrò, tìòrò.
Ọ̀pọ̀tọ́ dé láti ọ̀nà jíjìn —
Tìòrò, tìòrò.
Apá ń ro mí, ọrùn ń ro mí —
Tìòrò, tìòrò.
Kọ́mọ ó jẹ, kọ́mọ ó yó —
Tìòrò, tìòrò.

Èmi mọ ríro apá yẹn dáadáa. N ò ní í bú u fún ìyẹn.

Àmọ́ Àlàó rò ó títí. Ó ní, "Bí ọmọ bá kú nínú ihò yìí, ẹ̀gbọ́n mi á ní ihò burúkú ni, á kó lọ. Ihò á di tèmi." Háà, ẹ gbọ́ èrò ọkàn ẹyẹ! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pọ̀tọ́ mì lọ́nà. Èèpo lásán ló ń gbé délé. Orin rẹ̀ ò yí padà, kódà ó tún dùn sí i.

Ìyàwó ní, "Ọkọ mi, èèpo mà ni o."

"Ìyàwó wa, ọ̀pọ̀tọ́ ò so lọ́dún yìí. Mú sùúrù."

"Àwọn ọmọ ò lè ké mọ́, ọkọ mi."

"Wọ́n ń sùn ni."

Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tí bàbá wọn ń gbé wá ò ká a. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú. Bàbá wọn fi ẹnu fọ́ amọ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀ jáde tẹkúntẹkún. Ó ní, "Àlàó, ìwọ nìkan lo dúró tì wá. Bó o bá fẹ́ ihò yìí, gbà á." Wọ́n bá fò kọjá odò.

Àlàó gbéyàwó. Ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ mọ́nú ihò. Ẹyin mẹ́ta pa. Ó ń gbé ọ̀pọ̀tọ́ láàárọ̀, ó ń gbé e lọ́sàn-án, kò tó. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé, "Ọkọ mi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ dà? Ṣebí ìwọ lo bọ́ wọn. Wọn ò ṣe wá bá ọ bọ́ tìẹ?"

Àfọwọ́fà ni. Ó gbẹ́nu lé orin. Ẹ má gbè é o. Mo ní kẹ́ ẹ má gbè é!

Ọ̀pọ̀tọ́ dé láti ọ̀nà jíjìn...
Apá ń ro mí, ọrùn ń ro mí...
Kọ́mọ ó jẹ, kọ́mọ ó yó...

Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni igbó dákẹ́. Ọmọ kan kú. Ìkejì kú. Nítorí ìkẹta ni Àlàó ṣe fò kọjá odò, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún, ó sunkún, kò bú u. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Màá bá ọ gbé oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ ọmọ, kó fi í sí ṣóńṣó ẹnu, kí gbogbo ojú máa rí i."

Ìdí nìyẹn tí Àtíòro fi ń gbé èso sí ṣóńṣó ẹnu títí dòní.

Èmi náà jókòó ti ẹ̀kọ ọmọ ọlọ́mọ rí, tébi ń pa mí kú lọ. N ò gbé e mì. Fadérera, ìyá yín, tí mo pọ̀n lọ́mọdé, ló ni ẹ̀kọ náà. Òun ló gbé omi gbígbóná yìí fún mi nírọ̀lẹ́ yìí, kò dúró kí n béèrè.

Ibi tí àlọ́ mi wọ̀ sí nìyí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí omi yìí há mi lọ́fun. Ẹ máa wò mí bí mo ti ń mu ún. Ẹ wò ó, ó ti lọ wẹ́rẹ́.