Okùn Tí Mosún Ń Tú Lórí Òkè

Lórí òkè yìnyín, okùn kan ni Akínrìnádé, aṣáájú wọn, fi so ara rẹ̀ mọ́ Ládélé àti Mosún. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé góńgó, ẹsẹ̀ Akínrìnádé yọ̀, ó ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, góńgó nìyẹn!" ni Ládélé wí.

Ẹ̀yìn ni Akínrìnádé wò. Ó ti rẹ Mosún, ó sì ń tú okùn ìbàdí ara rẹ̀, kí àárẹ̀ òun má baà fà wọ́n lulẹ̀.

Akínrìnádé so ó padà, ó ní ilé yá.

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?" Ládélé bèèrè.

"Ó ń bà mí. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn."

Ládélé fi ìbínú ṣáájú wọn sọ̀ kalẹ̀. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun náà ṣubú. Kó tó dìde, ó ti bojú wẹ̀yìn wo Mosún.